Kọ́ kan ṣoṣo, Látìn méjì: bí ẹ ṣe lè fi Yorùbá kó ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ Látìn sórí

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ojú ṣe tì mí, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi ń da ara mi láàmú láti kọ gbogbo eléyìí. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ilé-ìwé kékeré ní Iléṣà níbí wá bá mi pé òun fẹ́ kọ mótò, ìyẹn ọ̀rọ̀ àkọmọ̀nà ilé-ìwé, sára báàjì àwọn ọmọ, Látìn ló sì fẹ́, ó ní ilé-ìwé tó bá mọ ohun tó ń ṣe, Látìn ló máa ń wà lára báàjì wọn. Ó ní kí n bá òun túmọ̀ "À ń kọ́", kó ṣe ṣókí. Èmi náà tí mo ti ń gbé àyà sókè káàkiri pé bàbá mi àgbà kọ́ mi ní Látìn díẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo kọ DOCEMUS fún un. Wọ́n ti ṣe báàjì tán, wọ́n ti rán an mọ́ àpò únífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ pátá, kí n tó ṣí ìwé bàbá àgbà lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, ni mo bá rí i pé ohun tí mo lẹ̀ mọ́ àyà àwọn ọmọ JSS1 ni "àwa là ń kọ́ èèyàn." Àwọn ọmọ tí wọn ò tíì mọ táìmù téébù wọn ni mo sọ di tíṣà. DISCIMUS ló yẹ kí n kọ.

Ẹ wò ó, Yorùbá ló gbé mi ṣubú. Àwa kì í pààlà sáàárín ẹni tó ń fúnni lẹ́kọ̀ọ́ àti ẹni tó ń gbà á, "kọ́" náà ni gbogbo ẹ̀. Ṣadé ń kọ́ ìṣirò, tíṣà ń kọ́ Ṣadé ní ìṣirò, ọmọ ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, ibi tí kálukú bá jókòó sí nínú gbólóhùn la fi ń mọ ẹni tó dúró níwájú pátákó. Látìn ò gba ìyẹn rárá. Docere ni ti ẹni tó ń kọ́ni, discere ni ti ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́, ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá padà jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i pé Yorùbá tó gbé mi ṣubú yẹn náà ló máa gbé mi dìde, torí ọ̀pọ̀ ńkan tí àwọn ìwé Látìn ń fi òyìnbó ṣàlàyé tí orí mi ò gbà, tí mo bá ti gbé e sí Yorùbá báyìí, ó ti wọlé nìyẹn. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ sọ, bóyá ẹ jẹ́ tíṣà bíi tèmi, àbí ẹ ní ọmọ tó ń ka lọ́ọ̀ tàbí mẹ́dísìn ní Ifẹ̀ tí Látìn ń hàn léèmọ̀, àbí ẹ kàn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ kọ́kọ́ tún ẹnu ṣe ná. Ibí yìí rọ̀ wá lọ́rùn ju òyìnbó lọ, torí fáwẹ́lì Látìn, a e i o u, bí a ṣe ń pè é náà ni, kì í pa ohùn dà láàárọ̀ kó tún pa á dà lálẹ́. C, k ni nígbà gbogbo, ì báà jẹ́ iwájú e tàbí i ló wà, do-ke-o, dis-ki-pu-lus. G, ti gààrí ni. V, w ni, torí náà vita tó jẹ́ ìgbésí ayé, "wita" lẹ máa pè é. Ae dà bí "ai". Báyìí làwọn ará Róòmù àtijọ́ ṣe ń sọ ọ́. Tí ẹ bá jẹ́ ọmọ Kátólíìkì tí ẹ ti gbọ́ tí fadá pe discipulus bíi pé ṣ ló wà láàárín ẹ̀, fadá ò ṣì í o, bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń pè é nìyẹn, ẹ ṣáà mú ọ̀kan kí ẹ má lù wọ́n pọ̀. Ohun tí mo máa bẹ̀ yín fún ni kí ẹ má ki fáwẹ́lì bọ àárín àwọn kọ́ńsónáǹtì bí a ṣe ṣe búrẹ́dì àti síléètì, disco ò ní ju sílébù méjì lọ, kì í ṣe "dìsíkò".

Ẹ máa rí ìlà gbọọrọ lórí fáwẹ́lì nínú àwọn ìwé Látìn, bíi ā àti ē. Ẹni tó bá ti ka Yorùbá dáadáa lè rò pé àmì ohùn àárín ni, èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Látìn ò ní àmì ohùn, gígùn ni ìlà yẹn ń sọ, ẹ fà á bí ẹ ṣe ń fa "aa" inú "aago". Ẹ má sì fojú kékeré wò ó, liber tí i ẹ̀ kúrú, ìwé ni, līber tí i ẹ̀ gùn, ẹni tó wà lómìnira tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni ni. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀kọ́ àti ẹ̀kọ gbígbóná kò yẹ kó bá mi jiyàn lórí èyí. Níbí, mi ò ní máa fi ìlà náà sí i àfi ibi tí àìfi-sí-i bá lè ṣì yín lọ́nà.

Ó yá, iṣẹ́ gangan. Doceo, doces, docet, docemus, docetis, docent: mò ń kọ́ni, ò ń kọ́ni, ó ń kọ́ni, à ń kọ́ni, ẹ̀ ń kọ́ni, wọ́n ń kọ́ni. Disco, discis, discit, discimus, discitis, discunt, ti kíkẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, bó ṣe tò náà ni. Ẹ rí i pé èmi, ìwọ, òun ti wọ inú ìrù ọ̀rọ̀ lọ, ẹ ò tún nílò láti pè wọ́n lọ́tọ̀. Bàbá mi àgbà máa ń fi ìka gbá tábìlì bí wọ́n bá ń kà á, gbì gbì gbì, bí ẹni tó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, wọ́n ní bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn nìyẹn láyé ìgbà tí Látìn ṣì wà lára ohun tí àwọn ọmọ Grammar School ń ṣe ìdánwò ẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn ò tiẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń kà, ìlù yẹn nìkan ni wọ́n dì mú.

Àmọ́ ìlù nìkan ò tó, ìlù ló kó mi sí wàhálà báàjì. Ohun tó yanjú ẹ̀ fún mi ni "ní" àti "lọ́dọ̀". Ẹ gbọ́ o: tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń kọ́ni, a máa ń sọ pé "mo kọ́ àwọn ọmọ NÍ lẹ́tà". Tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́, a máa ń sọ pé "mo kọ́ lẹ́tà LỌ́DỌ̀ tíṣà". Nítorí náà, nígbàkigbà tí "kọ́" bá wá síwájú yín tí ẹ fẹ́ gbé e lọ sí Látìn, ẹ bi í léèrè pé ṣé "ní" lo fẹ́ àbí "lọ́dọ̀"? Tó bá gba "ní", doceo ni. Tó bá gba "lọ́dọ̀", disco ni. "À ń kọ́" tí ọ̀rẹ́ mi fún mi yẹn, ṣé àwọn ọmọ JSS1 ń kọ́ ẹnì kan ní ńkan ni àbí wọ́n ń kọ́ ńkan lọ́dọ̀ ẹnì kan? Ká ní mo bi í bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, owó báàjì ì bá má ṣòfò.

Bí Látìn ṣe ń tò ó nìyí. Pueros litteras doceo: mo ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní lẹ́tà. Ẹ wo pueros, ẹ wo litteras, aṣọ ẹgbẹ́jọdá ni wọ́n wọ̀, àwọn méjèèjì ló gba ẹrù iṣẹ́ náà, ẹni tí à ń kọ́ àti ohun tí à ń kọ́ ọ, kò sí "ní" kankan láàárín wọn. Ibẹ̀ ló máa ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n á máa wá ọ̀rọ̀ kékeré kan tí wọ́n máa fi dípò "ní", kò sí, ẹ yé wá a. Ní ti disco: litteras a magistro disco, mo ń kọ́ lẹ́tà lọ́dọ̀ tíṣà, "a" yẹn ni "lọ́dọ̀" wa. Nígbà tó bá ti kọjá, mo ti kọ́ni ni docui, mo ti kẹ́kọ̀ọ́ ni didici. Didici yìí dùn mọ́ mi, torí ó ń fi ẹnu tẹ orí ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí àwa náà ṣe máa ń ṣe sí kíkọ́, mímọ̀, jíjẹ. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún wọn yàtọ̀ sí tiwa, àmọ́ etí yín á rántí ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má há ọ̀rọ̀ sórí níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, ẹ pè wọ́n ní agbo ilé agbo ilé. Agbo ilé doc kọ́kọ́. Doctor, tí gbogbo wa ń sáré bá tí ibà bá mú wa, olùkọ́ lásán ni lédè Látìn, ẹni tó ń kọ́ni. Ẹ ò rí i pé àwa Yorùbá ló jàjà tún ọ̀rọ̀ ṣe nígbà tí a pe ẹni tó ka ìwé dé góńgó ní Ọ̀mọ̀wé, tí a sì fi dókítà sílẹ̀ fún oníabẹ́rẹ́. Doctus ni ẹni tí wọ́n ti kọ́ tó sì gbà. Indoctus, púrúǹtù. Docilis ni ọmọ tó rọrùn láti kọ́, irú èyí tí tíṣà ń gbàdúrà fún. Doctrina ni ẹ̀kọ́ fúnra ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni documentum, ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín o, kì í ṣe pépà tí wọ́n ń béèrè ní ọ́fíìsì, àríkọ́gbọ́n ni. Olè tí wọ́n mú tí wọ́n mú kiri ìlú, documentum nìyẹn fún àwọn tó kù.

Agbo ilé disc ń bẹ lódì kejì. Discipulus ni ọmọ ilé-ìwé lọ́kùnrin, discipula lóbìnrin, òun náà sì ni Bíbélì Látìn fi pe àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù, torí náà tí ẹ bá rò ó ní "ọmọ ẹ̀yìn" ó ti tán. Tí ẹ bá fi con síwájú ẹ̀, condiscipulus, alájọkọ́ ẹ̀kọ́ nìyẹn, ọmọ kíláàsì yín. Disciplina jẹ́ ẹ̀kọ́, ó sì tún jẹ́ ìbáwí, èyí ò sì yẹ kó ya àwa lẹ́nu, ṣebí ẹni tó bá ní "màá kọ́ ẹ lọ́gbọ́n" kì í mú ìwé dání. Lẹ́yìn náà ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń so ńkan kéékèèké mọ́ iwájú discere: ediscere, kí èèyàn há a sórí pátá. Perdiscere, kó kọ́ ọ dé gbòǹgbò. Addiscere, kó kọ́ ọ kún èyí tó ti ní tẹ́lẹ̀. Dediscere, kó gbàgbé ohun tó ti kọ́, bóyá torí kò lò ó mọ́, bóyá torí kò dáa. Docere náà ní dedocere, kí èèyàn yọ ẹ̀kọ́ burúkú kúrò lórí ẹlòmíì. Ẹ bi tíṣà èyíkéyìí tó bá gba ọmọ lọ́wọ́ tíṣà mìíràn, dedocere ló máa ń fi táàmù àkọ́kọ́ ṣe.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí instruere, torí òun ló mú kí n gbà pé Yorùbá àti Látìn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbì kan tí òyìnbó ò sí. Struere ni kí èèyàn to ńkan lé ara wọn, kó mọ ilé. Instruere, kó to ńkan létòlétò, kó pèsè sílẹ̀, ọ̀gágun tó bá to àwọn ọmọ ogun sórí ìlà, ó ti ṣe instruere. Láti ibẹ̀ ló ti wá di kí èèyàn fún ẹlòmíì ní ìmọ̀ tó nílò. Ó dáa, àwa náà ńkọ́? A kọ́ ilé, a kọ́ ọmọ. "Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà", ẹ̀yin náà ẹ wo bí àwọn àgbà ṣe gbé kọ́ méjèèjì kojú ara wọn nínú gbólóhùn kan. Ẹni tó bá mọ òwe yìí kò tún nílò láti há instruere sórí, ẹ kàn máa rántí bíríkìlà ni.

Educare, ẹ ṣọ́ra fún un. Wọ́n máa ń sọ nínú ọ̀rọ̀ ìpàdé òbí àti tíṣà pé ìtumọ̀ ẹ̀ ni "mú jáde", pé olùkọ́ ń mú ohun tó wà nínú ọmọ jáde. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́ àmọ́ ēdūcere ni mú jáde, ēducāre ọ̀tọ̀, òun ni kí èèyàn tọ́ ọmọ, kó wò ó dàgbà. Ẹ wo u wọn, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n lóòótọ́ ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló súnmọ́ ēducāre jù, èyí tí ìyá ń fún ọmọ kí ọmọ tó mọ ọ̀nà ilé-ìwé. Erudire ní tiẹ̀, rudis ló wà níkùn ẹ̀, ìyẹn ohun tí kò tíì gba iṣẹ́, igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ẹni tí wọ́n bá ti ṣe erudire fún, wọ́n ti fá èèpo ara ẹ̀ kúrò bí agbẹ́gilére ṣe ń fá igi. Studere sì ni gbogbo ayé ń ṣì: kì í ṣe kí èèyàn jókòó ti ìwé, ìtara ni, kí ọkàn èèyàn wà lára ńkan. Ó sì máa ń fẹ́ "fún" lẹ́yìn, linguae Latinae studeo, mo ní ìtara fún èdè Látìn, kì í gba linguam. Ọmọ tó ń sùn lórí ìwé, ọ̀gá mi, kò ṣe studere o, bó ti wù kí iná lẹ́ńtánì ẹ̀ pẹ́ tó.

Ó ku àwọn èèyàn. Magister ni tíṣà ọkùnrin, magistra ni tíṣà obìnrin. Inú ẹ̀ ni magis wà, tó túmọ̀ sí "jù bẹ́ẹ̀ lọ", ìyẹn ẹni tó ga ju àwọn tó kù, torí náà "ọ̀gá" bá a mu ju "tíṣà" lọ, ọ̀gá mẹkáníìkì náà magister ni. Èkejì ẹ̀ ni minister, minus ló wà nínú tiẹ̀, ẹni tó kéré, ìránṣẹ́. Ẹ wá wo Àbújá lónìí, ẹni tí wọ́n ń pè ní ìránṣẹ́ ló ń gun ọkọ̀ olóṣìṣẹ́ ààbò, magister sì wà nínú kíláàsì tó ń dúró de owó oṣù. Ẹ jẹ́ n fi mọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni tiro, kì í ṣe tìróò ojú o, èmi máa ń rántí ẹ̀ pé tiro ń tiro, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì ranlẹ̀. Títí tó fi máa gba fírídọ́ọ̀mù, tirocinium ló wà yẹn.

Nílé-ìwé Róòmù, ẹrú kan wà tí wọ́n ń pè ní paedagogus, ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni wọ́n ti yá orúkọ náà, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó mú ọmọ lọ sílé-ìwé kó sì mú un bọ̀, bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń di ọwọ́ àbúrò mú sọdá títì ní Òkèṣà. Magister ludi ló ń kọ́ àwọn kékeré ní kíkà, kíkọ àti ìṣirò. Lẹ́yìn ẹ̀ ni grammaticus tó ń kọ́ wọn ní èdè àti ewì, orúkọ ẹ̀ ni Grammar School ti ń jẹun títí dòní, tiwa ní Iléṣà wà láti 1934. Ẹni tó bá lówó á tún lọ bá rhetor kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní gbangba àti ní kọ́ọ̀tù. Ẹgba náà wà dáadáa, ferula ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú ẹ̀. Horace akéwì pe tíṣà tiẹ̀, Orbilius, ní plagosus, ẹlẹ́gba lásán. Ṣùgbọ́n Quintilian, tó jẹ́ tíṣà ńlá ní Róòmù ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ò fara mọ́ kí wọ́n máa na ọmọ ilé-ìwé. Mo ka ìyẹn sétí bàbá mi àgbà, wọ́n ní Quintilian ò tíì kọ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni.

Ilé-ìwé fúnra ẹ̀, ludus ni, ludus náà ló tún jẹ́ eré. Schola náà, láti èdè Gíríìkì, ìgbà tí ọwọ́ dilẹ̀ ló jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àsìkò tí èèyàn ní láti fi ronú. Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ SS3 tó ń múra wáẹ́ẹ̀kì kí ẹ wo ojú tó máa fi wò yín.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ yín ní kíákíá, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Ifẹ̀, kí ẹ wọ inú OAU lọ, ẹ ò ní rìn jìnnà tí ẹ máa ti kó ogún ọ̀rọ̀. Campus, pápá gbalasa ni. Matrik, inú matricula ló ti wá, ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Konvokéṣọ̀n, convocare, kí wọ́n pe èèyàn jọ. Sẹ́mẹ́sítà, oṣù mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀, sex àti mensis, kì í ṣe Látìn ló ní kí ìyanṣẹ́lódì fà á gùn. Kòríkúlọ́ọ̀mù, curriculum, eré sísá ni, ipa tí ẹṣin ń sá gbà, àwọn tó ń ka kọ́ọ̀sì mẹ́wàá pọ̀ mọ́ carry-over á gbà pẹ̀lú mi. Prọfẹ́sọ̀ ni ẹni tó jáde wá kéde ní gbangba pé òun mọ ńkan. Alumnus, ọmọ tí wọ́n bọ́, alere ni kí èèyàn bọ́ ọmọ, òun náà ló wà nínú alma mater, ìyá tó ń fúnni lóúnjẹ. Ìdánwò, examen, èyí ló wù mí jù: ahọ́n kékeré tó wà láàárín òṣùwọ̀n, tó ń sọ ẹ̀gbẹ́ tó wúwo, ni wọ́n ń pè ní examen. Ẹ ó rí i pé wọn ò dán yín wò níbẹ̀, wọ́n wọ̀n yín ni. Tí ẹ bá sì fẹ́ ẹni tó máa kọ́ yín ní Látìn gan-an dójú àmì, Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ka èdè Gíríìkì àti Látìn, mótò tiwọn náà Látìn ni, Recte sapere fons, kí èèyàn ronú bó ṣe tọ́ ni orísun.

Bí mo ṣe ń kó o sórí rèé. Mo ra ìwé ẹ̀gbẹ́rin náírà kan, mo ṣí i láàárín, ojú ewé òsì ni mo kọ NÍ sí lókè, ọ̀tún ni mo kọ LỌ́DỌ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fúnni, docere, instruere, erudire, magister, doctor, apá òsì. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbà, discere, ediscere, studere, discipulus, tiro, apá ọ̀tún. Èyí tó bá jẹ́ ti àárín, bíi ludus, liber, schola, mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún lójúmọ́, ẹ má ṣe wọ̀bìà. Mi ò kọ òyìnbó sí ẹ̀gbẹ́ wọn rárá, Yorùbá nìkan, tí Yorùbá kan ò bá sì tó mo kọ gbólóhùn.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe òṣómàáló. Ẹ mọ àwọn bàbá wa tó ń kiri aṣọ láwìn, tí ọjọ́ owó bá pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà olówó, wọn ò ní dìde àfi tí wọ́n bá gba owó wọn. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ lónìí, mo ti tà á láwìn fún orí mi nìyẹn. Lọ́la, mo lọ sin gbèsè. Ní ọrún, mo tún lọ. Ní ìtàdógún, mo tún lọ. Mo máa bo apá kan ojú ewé mọ́lẹ̀, màá wo Yorùbá, kí Látìn jáde lẹ́nu mi kí n tó dìde. Èyí tó bá san owó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fi bíírò pupa fà á. Èyí tí kò san, mo gbé e lọ sọ́jà Àtakúnmọ̀sà, mò ń pè é lábẹ́lẹ̀ bí mo ṣe ń ra ata, ìyá alátà á ní ṣé àdúrà ni mò ń gbà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ tún rí i pé ẹ lò ó sáwọn èèyàn, ọ̀rọ̀ tí kò bá jáde lẹ́nu á rà. Èmi fi ṣe eré pẹ̀lú àwọn ọmọ lẹ́sìnnì mi: audite, ẹ gbọ́, tacete, ẹ dákẹ́, legite, ẹ kà á, scribite, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, surgite, ẹ dìde, considite, ẹ jókòó. Tó bá jẹ́ ẹnì kan péré ẹ gé ìrù ẹ̀: audi, tace, lege, scribe, surge, conside. Ibi ìkíni ni ọmọ Yorùbá ti máa ń ṣubú. Salve ni wọ́n fi ń kí ẹnì kan, salvete ni wọ́n fi ń kí ọ̀pọ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa máa fẹ́ sọ "Salvete, magister" torí ọ̀wọ̀, bí a ṣe ń sọ "ẹ káàárọ̀ sà" fún ẹnì kan ṣoṣo. Kò rí bẹ́ẹ̀, Látìn àtijọ́ ò fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún àgbà, tu tó jẹ́ "ìwọ" ni wọ́n fi ń bá ọba àti ẹrú sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ Ìbàdàn inú kíláàsì mi lanu, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé nílé ò tiẹ̀ mi, torí Ìjẹ̀ṣà náà kì í fi "ẹ" pe àgbà, tí ará ibòmíì bá wá kọjá wọ́n á ní a ò lẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, Salve, magister fún tíṣà, Salvete, discipuli fún kíláàsì, Salve, discipule fún ọmọ kan ṣoṣo, ẹ kíyè sí bí -us ṣe yí padà di -e tí ẹ bá ń pe èèyàn.

Ní ti báàjì, a jọ san owó òmíràn, mo gbé ìdajì. Ohun tí a kọ sí i báyìí ni DOCENDO DISCIMUS, nípa kíkọ́ni la fi ń kẹ́kọ̀ọ́, agbo ilé méjèèjì wà nínú ẹ̀, ohun tó jọ ọ́ wà nínú lẹ́tà kan tí Seneca, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Róòmù àtijọ́, kọ, pé àwọn èèyàn ń kẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Mo fi "ní" àti "lọ́dọ̀" dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí n tó jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe é. Àwọn ọmọ tó wọ báàjì àkọ́kọ́ ti wà ní SS báyìí, wọ́n ti gbọ́ ìtàn náà, ọ̀kan nínú wọn wà tó jẹ́ pé tó bá rí mi ní géètì láàárọ̀, á na ọwọ́ sókè, á ní, "Salve, discipule!"